Ẹ̀rọ CPAP nínú igbó tí kò sí iná: ẹ má fi í sílẹ̀ nílé

Ìbéèrè: Ọkọ mi ń lo ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú gba inú ìbòmú, láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun. Àwọn ọmọ wa fẹ́ ká lọ pàgọ́ sínú igbó fún òru mẹ́ta, kò sì sí iná níbẹ̀ rárá. Ọkọ mi ní òun á fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nílé, pé òru mẹ́ta kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ká ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, òmíràn ní ká so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ wa. Èwo ni ká ṣe nínú rẹ̀? Ike omi ara ẹ̀rọ náà máa ń gbóná, 10 sì ni wọ́n ṣètò ipá afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ bátìrì rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "òru mẹ́ta kò tó nǹkan" yẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kúrò láàárín wa.

Ohun tó ń ṣe ọkọ yín ni pé tó bá ti sùn lọ, ẹran ara tó yí ọ̀nà ọ̀fun ká máa ń dẹ̀, á sì dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ọpọlọ á ta á jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún sùn, ọ̀nà á tún dí. Ó lè má rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. CPAP kò wo àìsàn yìí sàn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé ló ń gbé ọ̀nà ọ̀fun náà ró kó má bàa pa dé. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn ìtọ́jú yìí jáde ní 1981, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí: ìgbà tó bá ń fẹ́ nìkan ló ń ranni lọ́wọ́. Alẹ́ tí wọn ò bá tan án, ọ̀fun á padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, láti òru àkọ́kọ́ ni.

Ohun tó sì ń kọ mí lóminú jù lọ nínú ìrìn àjò yín ni àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ta ló máa wa ọkọ̀? Bó bá jẹ́ ọkọ yín ni, ẹni tí kò sun oorun gidi fún òru mẹ́ta ló máa jókòó sídìí ọkọ̀, tí ìyàwó àti ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ti rí i pé àwọn tí kò kọbi ara sí ìlera tiwọn máa ń gbọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọmọ.

Ó yá, iná. Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn dárúkọ ohun tí ẹ máa lò, kò sì sẹ́ni tó béèrè iye iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lóru. Ẹni tó fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì omi fún ìrìn àjò, iye ẹnu tó máa mu ún ló máa ń kọ́kọ́ kà.

Ẹ̀rọ CPAP fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Fáànù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí kíkankíkan. Ní ipá 10 bíi ti ọkọ yín, tí ìbòmú kò bá jò, nǹkan bí 10 watt ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, tí ẹ bá pín in jálẹ̀ òru. Iye tí gílóòbù LED kan ń jẹ nìyẹn. Ooru ló ń tán bátìrì: irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ike omi, tó ń mú omi gbóná kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ jù, àti wáyà tó ń gbóná lára rọ́bà afẹ́fẹ́, bí tiyín bá ní in. Tí àwọn yìí bá ń ṣiṣẹ́, 10 watt yẹn lè di 40, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí òru bá tutù.

Watt ni ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná sí. Tí ẹ bá fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti rí watt-hour, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní Wh sára bátìrì. 10 watt fún wákàtí 8 jẹ́ 80 Wh. Òru mẹ́ta jẹ́ 240 Wh. Ẹ wá tan ooru sí i, ká ní ó di 40 watt: òru kan á jẹ́ 320 Wh, òru mẹ́ta á jẹ́ 960 Wh. Ọkùnrin kan náà, ìbòmú kan náà, ipá afẹ́fẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n bátìrì tí ẹ nílò ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n pa ooru yẹn ná, kí wọ́n tó máa wá bátìrì. Tí ẹ bá pa á, ohun tó kù kò ju ẹrù ọwọ́ kan lọ.

Ẹ má fi ìṣirò mi yìí ṣe àṣẹ. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí wọ́n á sì ki plọ́ọ̀gì ẹ̀rọ bọ inú rẹ̀. Ó máa ń ka iná tí ẹ̀rọ jẹ láti alẹ́ di àárọ̀. Ẹ lò ó lóru kan pẹ̀lú ooru, àti lóru kan láìsí ooru. Nọ́ńbà ti ẹ̀rọ yín gan-an lẹ máa rí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan, bíi ResMed, tún máa ń tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà bátìrì jáde fún ẹ̀rọ wọn, tó ń sọ iye tí wọ́n ń jẹ ní ipá kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ìbòmú tó ń jò ń mú kí fáànù sáré sí i, iná á sì máa lọ. Bí ìrọ̀rí ìbòmú rẹ̀ bá ti gbó, àkókò tó dára láti pààrọ̀ rẹ̀ nìyí.

Ọkọ yín lè ṣàròyé pé imú òun máa gbẹ láìsí omi gbígbóná. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ nílé ná. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló gbà kí ẹ bomi sínú ike náà kí ẹ sì yí ooru sí òdo; afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí omi tútù á ṣì gbé ìrinmi díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tó tẹ́jú, kó sì rẹlẹ̀ ju orí ẹni tó sùn lọ, kí omi má bàa ṣàn wọ inú ẹ̀rọ tàbí wọ inú rọ́bà. Nínú àgọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ dagun, èmi ò ní bomi sí i rárá. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n símú, èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn, máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó sùn. Fún àwọn ẹ̀rọ àti ìbòmú kan, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbòmú, HME lorúkọ rẹ̀. Ó ń gba ìrinmi inú èémí tó ń jáde, ó sì ń dá a padà fún èémí tó ń wọlé, láìjẹ iná kankan. Kì í ṣe gbogbo ìbòmú ló bá mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún yín. Tí ó bá gbìyànjú gbogbo èyí nílé tí kò sì lè sùn, ẹ yí ooru sí ibi tó kéré jù, kí ẹ sì wá bátìrì tó tóbi. Ó ṣeé ṣe, ẹrù ni yóò wúwo.

Nípa bátìrì fúnra rẹ̀, ohun tí èmi á yàn fún yín ni àpótí bátìrì tí wọ́n ń pè ní power station, tí ó jẹ́ 500 Wh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí lithium inú rẹ̀ jẹ́ irú LiFePO4. Òru mẹ́ta yín láìsí ooru jẹ́ 240. Ẹ fi ti iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kún un, ẹ fi ti fóònù àti iná àgọ́ kún un, ẹ fi ti òtútù kún un, ẹ ó ṣì ní ìyókù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iná díẹ̀ lè ra bátìrì LiFePO4 12 volt lásán. Èyí tó jẹ́ 50 Ah (ampere-hour, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), tí ẹ bá fi 12.8 volt sọ ọ́ di púpọ̀, á fún yín ní 640 Wh, ẹ sì lè lo èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ láìba á jẹ́. Bátìrì olómi tàbí irú AGM tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òjé, tí òun náà jẹ́ 50 Ah, á wúwo ju ìlọ́po méjì èyí lọ, ìdajì agbára rẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ lò kí ẹ tó tún ṣájì rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ láyé. Tó bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ á sì gbé e dé ẹnu àgọ́, kò burú. Mi ò ní ní kí ẹ lọ rà á lónìí.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó wà lára power bank fóònù. Wọ́n á kọ 20,000 mAh gàdàgbà síwájú, ṣùgbọ́n 3.7 volt ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Wh rẹ̀ kò ju 74 lọ, kò sì ní tó òru kan lẹ́yìn tí ó bá ti pàdánù díẹ̀. Nọ́ńbà Wh nìkan ni kí ẹ fi bátìrì kan wé èkejì.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi iná ṣòfò láìmọ̀ nìyí. Bátìrì yín ń mú iná DC jáde. Inú ẹ̀rọ CPAP náà, DC ló ń lò: 24 volt fún AirSense 10 àti AirSense 11 ti ResMed, 12 volt fún DreamStation ti Philips. Ìdí tí plọ́ọ̀gì ara ògiri fi ní àpótí dúdú láàárín wáyà rẹ̀ ni pé àpótí náà ló ń yí iná ilé padà sí DC. Tí ẹ bá wá fi inverter sáàárín, ẹ̀ ń yí DC bátìrì padà sí iná ilé, àpótí dúdú á tún yí i padà sí DC. Lẹ́ẹ̀mejì ni iná ń ṣòfò, inverter náà sì ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, yálà nǹkan ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tàbí kò sí. Fún ẹ̀rọ tí kò jẹ ju 10 watt lọ, ohun tí inverter ń jẹ fúnra rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyẹn. Òru mẹ́ta lè di méjì bẹ́ẹ̀.

Wáyà DC ni kí ẹ rà. Ó ń lọ tààrà láti ihò 12 volt ara àpótí bátìrì, èyí tó dà bíi ti inú ọkọ̀, sínú ẹ̀rọ. Tí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ onívolt 24, wáyà náà ní àpótí kékeré kan tó ń gbé 12 sókè di 24. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tàbí lára àpótí dúdú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Iná 24 volt lè ba ẹ̀rọ onívolt 12 jẹ́ pátápátá. Lórí nǹkan yìí nìkan ni mo ti ń gbani nímọ̀ràn láti ra èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe fún un, tàbí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Bó bá di dandan kí ẹ lo inverter, kó jẹ́ irú pure sine wave, nítorí pé irú kejì tí wọ́n ń pè ní modified lè ba àpótí dúdú àti ibi tó ń mú omi gbóná jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra power station kì í mọ̀ àfi tí ẹ̀rọ bá kú mọ́ ọn lójú lóru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò kan tó ń pa ihò iná fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá rí i pé ohun tó ń jẹ iná kéré jù, kí bátìrì má bàa ṣòfò. ECO ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. CPAP tí ẹ ti pa ooru rẹ̀ ń jẹ iná kékeré gan-an, àpótí náà lè rò pé kò sí nǹkan lára òun, kó sì pa iná ní agogo méjì òru. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ètò yìí, kí ẹ pa á kí ẹ tó kúrò nílé.

Tó bá jẹ́ bátìrì lásán lẹ rà, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi fíúsì sí wáyà pọ́sítíìfù nítòsí bátìrì gan-an, kó sì lo wáyà tó nípọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn máa ń jẹ volt lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á sì máa kú kó tó di pé bátìrì tán.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Rárá fún alẹ́, mi ò sì ní pẹ́ ọ̀rọ̀ náà sọ. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ẹni tó sùn láìjẹ́ kó jí. Aṣọ àgọ́ kò lè dá a dúró. Ẹ̀rọ CPAP kò sì lè sẹ́ ẹ: afẹ́fẹ́ tó bá yí ẹ̀rọ náà ká ló ń fà, ohun tó fà náà ló máa fẹ́ sí ọkọ yín nímú. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kẹ́nikẹ́ni má gbé ìkòkò èédú tó ń jó wọ inú àgọ́ nítorí òtútù. Tí ẹ bá ti ní jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀sán ni kí ẹ tan án, ní ìta gbangba, jìnnà réré sí àgọ́, kí ẹ fi ṣájì bátìrì, kí ẹ sì pa á kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bátìrì ọkọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Wọ́n ṣe é láti tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ́ńjìnnì lè dáhùn. Òjé inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fẹ́ kí wọ́n máa fa iná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Òru kan láìsí ooru á gba nǹkan bí 7 Ah lára rẹ̀, bátìrì tó lera lè fara da ìyẹn. Òru kan pẹ̀lú ooru á gba nǹkan bí 27 Ah, ó sì lè jẹ́ ìdajì ohun tó ní. Ẹ ó jí láàárọ̀, ọkọ̀ ò ní dáhùn, nínú igbó. Ohun tí ọkọ̀ dára fún ni ojú ọ̀nà: tí ẹ bá ń lọ tàbí tí ẹ ń rìn káàkiri lọ́sàn-án, ẹ so àpótí bátìrì mọ́ ihò 12 volt ọkọ̀ kó máa ṣájì. Ọ̀pọ̀ àpótí máa ń gba nǹkan bí 100 watt níbẹ̀, wákàtí kan lójú ọ̀nà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iná òru kan padà. Páánẹ́lì sólà kò pọn dandan fún òru mẹ́ta. Tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó jẹ́ 100 watt tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fúnni ní 100 yẹn pé; kó ṣáà jẹ́ pé oòrùn ń ràn sí gbogbo ara rẹ̀, nítorí òjìji ẹ̀ka igi kan péré lè gé agbára rẹ̀ lulẹ̀. Ẹ gbé páánẹ́lì sínú oòrùn, kí ẹ fi àpótí bátìrì sábẹ́ ìbòòji.

Bí ibẹ̀ bá tutù, inú àgọ́ ni kí bátìrì sùn, tí ẹ fi aṣọ bò ó díẹ̀ láìdí ibi tó ti ń mí. Agbára bátìrì máa ń dínkù nínú òtútù, ẹ má sì ṣájì LiFePO4 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju òdo lọ ní ìwọ̀n Celsius, yóò bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà afẹ́fẹ́ gba abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kọjá kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ imú má bàa tutù nini. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti kúrò lọ́nà èéfín iná ìdáná, kí ẹ sì fi asẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sí i kí ẹ tó lọ. Tó bá jẹ́ orí òkè gíga lẹ ń lọ, ẹ wo ìwé ẹ̀rọ náà. Àwọn kan nínú wọn ń tún ara wọn ṣe títí dé nǹkan bí mítà 2,500.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ra gbogbo rẹ̀, kí ọkọ yín sùn pẹ̀lú rẹ̀ nílé fún òru kan, kó tilẹ̀ jẹ́ méjì, láìki ohunkóhun bọ ara ògiri. Ẹ wo iye tí bátìrì wà tó bá sùn àti iye tó wà tó bá jí. Tó bá jẹ ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ mọ̀ pé òru mẹ́ta dájú, ó sì ku díẹ̀. Tó bá jẹ ogójì, ẹ ti mọ̀ nílé, kì í ṣe nínú igbó.

Bí iná bá sì wá tán láàárín òru, kí ó yọ ìbòmú kúrò lójú kíákíá, kó má sùn padà pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ ló ń lé èémí tó ti jáde kúrò nínú ìbòmú. Tí kò bá fẹ́ mọ́, èémí tó ti mí jáde ló máa máa fà padà. Kó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ sì gbé àpò tàbí ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa yí padà. Kò gbọ́dọ̀ mu ọtí tàbí oògùn oorun ní gbogbo òru tí ẹ máa wà níbẹ̀, torí àwọn méjèèjì máa ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ sí i. Kí ó pe dókítà rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kó sọ ibi tí ẹ ń lọ àti pé òun fẹ́ pa ooru ẹ̀rọ. Tí àìsàn mìíràn bá wà lára rẹ̀, bíi ti ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ìmọ̀ràn dókítà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé ju tèmi lọ. Tí òru kan bá sì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn tó sùn dáadáa ni kó wa ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.